Omi, Rọ́bà àti Iná Ara Ọkọ̀ Ìjàpá

Ní oṣù kẹta ọdún 1975 ni ilé-iṣẹ́ Volkswagen ti Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ pọ̀ ní Ọ̀jọ́, lẹ́bàá ọ̀nà tí ó ti Èkó lọ sí Àgbádárìgì. Ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ tí ó ti ibẹ̀ jáde ni èyí tí àwọn Yorùbá sọ ní Ìjàpá, nítorí ẹ̀yìn rẹ̀ tí ó tẹ̀ roboto bí igbá ahun. Ọkọ̀ náà ti ń wọ orílẹ̀-èdè yìí láti Jámánì tipẹ́tipẹ́ kí ilé-iṣẹ́ Ọ̀jọ́ tó dé. Olùkọ́ gùn ún, akọ̀wé ìjọba gùn ún, ọlọ́pàá náà sì gùn ún. Ìlú Puebla ní Mẹ́síkò ni wọ́n ti ṣe èyí tí ó kẹ́yìn nínú irú rẹ̀, ní ọjọ́ 30 oṣù keje ọdún 2003, nígbà tí iye tí a ti ṣe káàkiri àgbáyé ti lé ní 21,500,000. Kò sí Ìjàpá kan lónìí, nígbà náà, tí a lè pè ní ọmọdé.

Àwọn kan wà tí wọ́n ń wá irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kiri, tí wọ́n ń gbé e jáde láti ẹ̀yìnkùlé tí ó ti wà fún ogún ọdún, tí wọ́n sì ń fẹ́ kí ó tún rìn. Ọ̀dà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn kọ́kọ́ máa ń rà. Lẹ́yìn ọ̀dà ni aṣọ àga, lẹ́yìn aṣọ àga ni wọn yóò pe rẹ́wáyà pé kí ó wá wo iná tí kò tàn. Rọ́bà ojú fèrèsé àti ti ilẹ̀kùn ni ó máa ń kẹ́yìn, bí owó bá ṣẹ́ kù. Ètò yìí kò dára rárá. Ohun tí ó ba iná jẹ́ ni omi, ibi tí omi sì gbà wọlé ni rọ́bà tí ó ti kú. Ẹni tí ó bá fa wáyà tuntun sínú ọkọ̀ tí ń jò, owó ọdún méjì ni ó fi sọ̀fò. Ọ̀dà pàápàá, ìgbà tí gbogbo rọ́bà àtijọ́ bá ti jáde kúrò lára irin ni ó yẹ kí a kùn ún, kí rọ́bà tuntun tó bọ́ sí ipò rẹ̀. Nítorí abẹ́ rọ́bà gan-an ni ìpáàrà máa ń sá pamọ́ sí.

Rọ́bà kì í ṣe àjèjì sí ilẹ̀ Yorùbá. Igi ìrẹ́ ti wà nínú igbó kí a tó mú igi rọ́bà ti Bìràsílì wá gbìn. Ní àwọn ọdún 1890, ogunlọ́gọ̀ ènìyàn ya wọ inú igbó láti gba oje ìrẹ́. Ní ọdún 1895 nìkan, rọ́bà tí ó gba èbúté Èkó jáde ju mílíọ̀nù 5 pọ́n-ùn lọ. Wọ́n fi ìwọra ṣá igi náà tó bẹ́ẹ̀ tí púpọ̀ nínú wọn fi kú, òwò náà sì fà sẹ́yìn láìpẹ́. Ṣùgbọ́n oje igi lásán kò lè di rọ́bà ọkọ̀. Bí ooru bá mú un, a rọ̀, a sì máa lẹ̀ mọ́ ọwọ́. Bí òtútù bá mú un, a le gbagidi. Charles Goodyear, ará Amẹ́ríkà, ni ó rí i ní ọdún 1839 pé bí a bá po imí-ọjọ́ mọ́ ọn, tí a sì fi iná sí i, yóò di ohun tí ń nà tí ó sì ń padà sí ipò rẹ̀. Orúkọ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fún iṣẹ́ náà, tí wọ́n fà yọ láti ara orúkọ òrìṣà iná àwọn ará Róòmù, ni ó di orúkọ àwọn fọ́kánáísà tí ń lẹ táyà lẹ́bàá ọ̀nà. (Ògún ì bá tọ́ sí wọn ju òrìṣà Róòmù lọ.)

Ohun tí imí-ọjọ́ ń ṣe nínú rọ́bà ni pé ó ń so àwọn okùn tín-ín-tín tí ojú kò lè rí pọ̀ mọ́ ara wọn. Nígbà tí ọkọ̀ bá wà nínú oòrùn lọ́dọọdún, ooru àti afẹ́fẹ́ a máa fi ìdè kún ìdè, títí rọ́bà yóò fi le bí igi. Afẹ́fẹ́ ósóònù, ní tirẹ̀, a máa já àwọn okùn náà níbi tí rọ́bà bá ti nà tàbí tí ó ti tẹ̀, ìyẹn ni pé ní igun fèrèsé àti ní ẹnu ilẹ̀kùn. Ìdí nìyí tí rọ́bà fi máa ń sán ní igun kí ó tó sán ní ibòmíràn. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ̀ bóyá rọ́bà kan ti kú, kí ó fi èékánná àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́: bí ojú tẹ̀ náà kò bá padà, tàbí tí èékánná kò tilẹ̀ wọlé rárá, ó ti kú. Rọ́bà àtọwọ́dá tí a ń pè ní EPDM máa ń fara da oòrùn àti ósóònù ju rọ́bà inú igi lọ, òun ni ó sì yẹ kí a béèrè fún fún fèrèsé àti ilẹ̀kùn. Kò bá epo rẹ́, ṣá. Bí bẹntiróòlù tàbí gírísì bá kàn án, yóò wú.

Ibi tí omi ń gbà ju ọ̀kan lọ. Èyí tí ó gba abẹ́ gíláàsì iwájú wọlé a máa ṣàn lọ sí ẹ̀yìn pátákó aago, níbi tí ọ̀pọ̀ wáyà ti pàdé. Èyí tí ó gba ẹnu ìdérí iwájú náà, ibẹ̀ kan náà ni ó ń lọ. Omi ẹnu ilẹ̀kùn a wọ abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì, kápẹ́ẹ̀tì a sì fà á mu bí kànìnkànìn, tí ilẹ̀ ọkọ̀ yóò fi dógùn-ún láti inú wá nígbà tí ojú òde rẹ̀ ṣì ń dán. Ṣùgbọ́n èyí tí ó burú jù ni omi gíláàsì ẹ̀yìn. Bátìrì Ìjàpá kò sí lẹ́bàá ẹ́ńjìnnì bí ti ọkọ̀ mìíràn. Abẹ́ àga ẹ̀yìn ni ó wà, lápá ọ̀tún. Omi tí ó bá kóra jọ síbẹ̀ pẹ̀lú ásíìdì bátìrì a máa jẹ irin abẹ́ rẹ̀, títí ihò yóò fi lu. Ewu kan sì tún wà níbẹ̀ tí kò jẹ mọ́ omi, àmọ́ tí kò yẹ kí a fò dá. Bí ìbòrí bátìrì bá ti sọnù, tí ẹni tí ó tẹ̀wọ̀n sì jókòó sórí àga náà, irin sípírìngì àga lè kan orí bátìrì méjèèjì pọ̀, kí àga sì gbiná lábẹ́ ẹni náà. Ìbòrí bátìrì kò wọ́n. Ọkọ̀ Ìjàpá tí kò ní in kò yẹ kí ó gbé ọmọ ènìyàn.

Iṣẹ́ tí ń dẹ́rù ba àwọn ènìyàn jù ni pípààrọ̀ rọ́bà gíláàsì iwájú, bẹ́ẹ̀ okùn kan ni àṣírí rẹ̀. Kí a má ṣe fi agbára ti gíláàsì jáde. Ọ̀bẹ ni kí a fi gé ètè rọ́bà àtijọ́ yíká, kí gíláàsì lè fúnra rẹ̀ jáde ní pẹ̀lẹ́. Lẹ́yìn èyí ni a ó ha etí irin tí rọ́bà ń jókòó lé, tí a ó wẹ ìpáàrà kúrò, tí a ó kun ọ̀dà, tí a ó sì dúró kí ó gbẹ dáadáa. A ó wá gbé rọ́bà tuntun wọ gíláàsì lórí tábìlì tí a tẹ́ aṣọ sí. Rọ́bà náà ní ojú ihò kejì, èyí tí yóò gbá etí irin mú. Inú ihò yìí ni a ó na okùn tí ó dán sí yíká, tí orí rẹ̀ méjèèjì yóò kọjá ara wọn ní àárín ìsàlẹ̀. A ó fi omi ọṣẹ pa á lára. Ẹnìkan yóò gbé gíláàsì náà lé ojú ihò ọkọ̀ láti òde, yóò máa fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́. Ẹnìkejì yóò wà nínú ọkọ̀, yóò máa fa okùn náà díẹ̀díẹ̀. Bí okùn ti ń jáde ni ètè rọ́bà ń ṣí, tí ó sì ń bọ́ sórí etí irin. Bí ẹni òde bá ń tẹ̀ ibi tí ẹni inú ti ń fa okùn gan-an, iṣẹ́ náà kì í gbà ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ. Òróró ẹ́ńjìnnì tí àwọn kan máa ń fi dípò omi ọṣẹ ni kí a yẹra fún, nítorí ohun tí a ti sọ nípa EPDM àti epo.

Ti ilẹ̀kùn rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. A ó ta gọ́ọ̀mù sí ara irin àti sí ara rọ́bà, a ó jẹ́ kí méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ, kí a tó pa wọ́n pọ̀. Kí a má ṣe na rọ́bà náà kí ó lè tó. Rọ́bà tí a nà yóò sún kì, yóò sì fi àlàfo sílẹ̀. Ilẹ̀kùn yóò ṣòro í tì fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kò sì sí ohun tí ó ṣe é.

Rọ́bà méjì kan wà tí kò dí òjò rárá, tí ó sì ṣe pàtàkì ju àwọn tí a ti dárúkọ lọ. Atẹ́gùn ni ó ń tu ẹ́ńjìnnì Ìjàpá lára, kì í ṣe omi. Fáànù rẹ̀ ń fa afẹ́fẹ́ tútù láti òkè, afẹ́fẹ́ gbígbóná sì ń jáde nísàlẹ̀. Rọ́bà tí ó yí àwo irin ẹ́ńjìnnì ká ni ó pààlà sí àárín òkè àti ìsàlẹ̀. Bí a bá yọ ọ́ dànù, bí ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ti ń ṣe nítorí pé ó ń dí wọn lọ́wọ́, fáànù yóò máa fa ooru tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde padà, ẹ́ńjìnnì yóò sì máa se ara rẹ̀. Èkejì ni ọ̀pá rọ́bà tí ń gbé bẹntiróòlù lọ sí kabúrétọ̀. Bí èyí bá sán, orí ẹ́ńjìnnì gbígbóná ni epo yóò máa kán sí, nítòsí ibi tí iná ìtanná ti ń ta. Ìjàpá tí ó ti báyìí jóná kò lóǹkà. Ọ̀pá tí a ṣe fún epo ni kí a rà, kì í ṣe èyíkéyìí tí ó bá sáà ti wọ̀.

Nígbà tí òjò kò bá wọlé mọ́ ni ọ̀rọ̀ wáyà tó kàn. Àwọn ará Jámánì fún wáyà wọn ní àwọ̀, wọ́n sì fún ibi tí a ń dè é sí ní nọ́ńbà. Àwọ̀ ilẹ̀ ni wáyà tí ń padà sí ara irin ọkọ̀, nọ́ńbà rẹ̀ sì ni 31. Pupa ni èyí tí ó ti bátìrì wá tààrà, 30. Dúdú ni èyí tí kọ́kọ́rọ́ ń ṣí, 15. Pupa rẹ́súrẹ́sú bí ìyeyè ni ti iná ìsàlẹ̀, 56b. Funfun ni ti iná òkè, 56a. Eérú ni ti iná ẹ̀yìn, 58. Ẹni tí ó bá mọ èyí lè ka inú ọkọ̀ bí ẹni ń ka ìwé. Ìbànújẹ́ ibẹ̀ ni pé púpọ̀ nínú àwọn Ìjàpá tí ó ṣẹ́ kù ni rẹ́wáyà mẹ́ta tàbí mẹ́rin ti kọjá lára wọn, tí olúkúlùkù sì lo wáyà tí ó bá ní lọ́wọ́, tí ó lọ́ ọ pọ̀, tí ó sì fi tépù wé e. Ooru a yọ́ gọ́ọ̀mù tépù, omi a wọ ojú wáyà, bàbà rẹ̀ a di àwọ̀ ewé. Wáyà titun ni kí a fi rọ́pò, ẹyọ kan lẹ́yìn èkejì, kí a má ṣe tú gbogbo rẹ̀ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Kí a sì kọ́kọ́ tú orí bátìrì tí ó lọ sí ara irin. Níbikíbi tí wáyà bá ti gba inú ihò irin kọjá, òrùka rọ́bà gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ irin yóò gé e bí ọ̀bẹ.

Fíùsì kò yẹ kí ó gba àlàyé, ṣùgbọ́n bébà fàdákà inú páálí sìgá ṣì ń gba ipò rẹ̀ nínú ọkọ̀ púpọ̀. Iṣẹ́ fíùsì ni kí ó kú kí wáyà má baà kú. Bí a bá fi ohun tí kò lè kú rọ́pò rẹ̀, wáyà ni yóò jó, ọkọ̀ yóò sì bá a lọ.

Àìsàn kan wà tí ó lè wúlò fún olùkọ́ sáyẹ́ǹsì nínú kíláàsì. Awakọ̀ tẹ bíréèkì, iná bíréèkì kò tàn dáadáa, ṣùgbọ́n iná ẹ̀yìn tàbí iná ìyànà bẹ̀rẹ̀ sí í ràn ní bàìbàì. Ọ̀pọ̀ rẹ́wáyà yóò pààrọ̀ gílóòbù, wọn yóò pààrọ̀ súìṣì. Bẹ́ẹ̀ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni pé ọ̀nà ìpadà sí ara irin ti dí. Mádígáàdì ni a de iná ẹ̀yìn Ìjàpá mọ́, bóòtì ni a sì fi de mádígáàdì mọ́ ara ọkọ̀. Bí ìpáàrà bá ti wà lójú bóòtì, iná mọ̀nàmọ́ná kò rí ọ̀nà gbà padà, yóò sì wá ọ̀nà gba inú gílóòbù mìíràn. Wáyà aláwọ̀ ilẹ̀ kan ṣoṣo, láti ara ilé iná náà lọ sí ibi tí irin ti mọ́, ni oògùn rẹ̀.

Iná iwájú tí ó ràn bàìbàì ní ìdí tirẹ̀. Gílóòbù 55 wáàtì lórí bátìrì 12 fóòlù ń gba nǹkan bí 4.6 áńpíà, méjì jẹ́ 9.2. Nínú àwọn Ìjàpá àtijọ́ tí ó ń lo 6 fóòlù, iye yẹn di ìlọ́po méjì. Gbogbo rẹ̀ ni ó ń gba inú súìṣì àti wáyà gígùn tí ó ti gbó. Bí ìdá kan nínú mẹ́wàá fóòlù bá sọnù lójú ọ̀nà, ìmọ́lẹ̀ tí ó sọnù sún mọ́ ìdá kan nínú mẹ́ta. Ìdí nìyí tí ó fi dára kí a fi rílè sí i: kí súìṣì kàn máa pàṣẹ fún rílè, kí rílè sì máa gba iná láti bátìrì nípasẹ̀ wáyà tí ó nípọn àti fíùsì tirẹ̀. Kí a má sì gbàgbé ihò kékeré tí ó wà nísàlẹ̀ ilé iná iwájú, tí omi ń gbà jáde; ẹrẹ̀ a máa dí i, omi a sì ba dígí inú rẹ̀ jẹ́, tí gílóòbù tuntun kò fi ní wúlò.

Ọ̀rọ̀ kan ṣẹ́ kù nípa àwọn ọkọ̀ tí ó ti wọ Nàìjíríà kí ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972 tó pé, ọjọ́ tí orílẹ̀-èdè yìí kúrò ní ọwọ́ òsì tí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wa ọkọ̀ ní ọwọ́ ọ̀tún. Gíláàsì iná iwájú ọ̀pọ̀ nínú wọn ni a gé kí iná ìsàlẹ̀ lè gbé ojú sókè sí apá òsì, níbi tí etí títì wà nígbà náà. Lónìí, ojú awakọ̀ tí ń bọ̀ lọ́dọ̀ọ́kán ni ìmọ́lẹ̀ yẹn ń lọ. Láti dá a mọ̀, kí a gbé ọkọ̀ sí ilẹ̀ tẹ́jú ní alẹ́, kí iná iwájú rẹ̀ jìnnà sí ògiri ní mítà 5, kí a sì sàmì sí ògiri ní ibi tí ó ga tó àárín iná náà. Orí iná ìsàlẹ̀ gbọ́dọ̀ wà ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 5 sí ìsàlẹ̀ àmì náà, apá ọ̀tún nìkan ni ó sì gbọ́dọ̀ ti gbé ojú sókè díẹ̀. Bí ó bá jẹ́ apá òsì ni ó ti gbé e sókè, kò sí síkúrù tí a lè yí tí yóò tún un ṣe. Gíláàsì náà ni kí a pààrọ̀, pẹ̀lú rọ́bà etí rẹ̀.