Ẹwà lẹ́tà Didot àti ibi tí ó yẹ ẹ́

Lẹ́tà kan náà lè wọ oríṣiríṣi aṣọ. A lè tẹ «A» kí ó nípọn, a sì lè tẹ̀ ẹ́ kí ó tẹ́ẹ́rẹ́. Síbẹ̀, «A» náà ni. Ọ̀kan nínú àwọn aṣọ lẹ́tà tí ó lókìkí ní ilẹ̀ Faransé ni èyí tí à ń pè ní Didot.

Orúkọ ìdílé kan ní ìlú Paris ni Didot. Ìwé títẹ̀ ni iṣẹ́ àjogúnbá wọn. Firmin Didot, tí a bí ní ọdún 1764, ni ó gbẹ́ irú lẹ́tà yìí ní nǹkan bí ọdún 1784. Nígbà náà, wọn a gbẹ́ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan sórí irin, wọn a fi irin náà lu bàbà kí àwòrán lẹ́tà lè wọ inú rẹ̀, wọn a sì da òjé yíyọ́ sí ojú ihò náà. Ní àkókò kan náà, Giambattista Bodoni ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní ìlú Parma, ní Ítálì.

Báwo ni a ṣe ń dá lẹ́tà Didot mọ̀? Ẹ wo «H». Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì nípọn bí òpó ilé, ṣùgbọ́n ìlà tí ó so wọ́n pọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú. Ìlà bí òwú bẹ́ẹ̀ tún wà lókè òpó kọ̀ọ̀kan àti nísàlẹ̀ rẹ̀. Nípọn àti tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó wà papọ̀ yìí ni ẹwà rẹ̀. Ìdí nìyí tí ìwé ìròyìn oge Vogue fi ń kọ orúkọ rẹ̀ gàdàgbà ní irú lẹ́tà yìí. Ó yẹ àkọlé ìwé, ó sì yẹ káàdì ìgbéyàwó.

Ṣùgbọ́n a kì í wọ aṣọ àríyá lọ sí oko. Bí a bá tẹ Didot ní kékeré sórí tákàdá tí ojú rẹ̀ kò dán, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ yóò parẹ́. «H» yóò dà bí «I» méjì; «e» yóò dà bí «c». Ní èdè Yorùbá, ewu náà tún pọ̀ sí i, nítorí àmì kékeré ni ó ya «ọkọ́» tí a fi ń ro oko sọ́tọ̀ kúrò lára «ọkọ̀» tí a ń wọ̀ rìnrìn àjò.

Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ìwé kà lè kọsẹ̀ níbẹ̀, kí ó sì rò pé òun kò gbọ́n tó. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹ̀bi lè jẹ́ ti lẹ́tà.

Nítorí náà, ẹni tí ó bá gbé iṣẹ́ lọ sọ́dọ̀ òǹtẹ̀wé, yálà ìwé ẹgbẹ́ ni tàbí káàdì, kí ó ní kí wọ́n tẹ ẹyọ kan ná. Kí àkọlé wà ní Didot bí ó bá wù ú, kí ọ̀rọ̀ inú ìwé sì wà ní lẹ́tà tí gbogbo ìlà rẹ̀ hàn. Lẹ́yìn náà, kí ó fún àgbàlagbà kan kà. Bí àgbà náà bá kà á láìfa ojú ro, kí wọ́n tẹ ìyókù.