Konstantinos Karamanlis: Agbẹjọ́rò tó dá Gíríìsì padà sábẹ́ òfin

Lóru mọ́jú ọjọ́ 24, oṣù Keje, ọdún 1974, ọkọ̀ òfurufú ìjọba Faransé kan balẹ̀ sí Áténì. Konstantinos Karamanlis tó ti ń gbé ní Paris láti bí ọdún mọ́kànlá ló gbé wá. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tí wọ́n fi búra fún un gẹ́gẹ́ bí olórí ìjọba Gíríìsì.

Àwọn ológun tó gbàjọba ní 1967 ló ti kó ìlú sí wàhálà. Lọ́jọ́ 15 oṣù Keje 1974 náà, wọ́n ti àwọn kan lẹ́yìn láti dìtẹ̀ mọ́ Makarios, ààrẹ erékùṣù Kípírù. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí Tọ́kì fi kó ọmọ ogun débẹ̀. Apá àwọn ológun ò ká a mọ́, ni wọ́n bá ní kí àwọn olóṣèlú padà wá.

Nítòsí Serres ní Makedóníà ni wọ́n ti bí Karamanlis ní 1907. Ó kàwé òfin ní Áténì, ó sì padà sí Serres lọ ṣe lọ́yà. Ó wọ ilé aṣòfin ní 1935, ṣùgbọ́n Metaxas, apàṣẹwàá Gíríìsì, ti ilé náà pa lọ́dún kejì. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì ló di mínísítà: ti òṣìṣẹ́, ti ìrìnnà, ti ìtọ́jú aráàlú, kó tó kan ti iṣẹ́ òde ní 1952. Títì tó ń là káàkiri ló jẹ́ kí orúkọ rẹ̀ kàn. Nígbà tí Papagos, olórí ìjọba, kú ní 1955, Ọba Paul fo àwọn àgbà ẹgbẹ́ dá, ó sì yan Karamanlis. Àárín òun àti ààfin padà dàrú ní 1963. Ó fipò sílẹ̀, ó fìdí rẹmi nínú ìbò, ó sì gba Paris lọ.

Lójú tèmi, oṣù mélòó kan lẹ́yìn ìpadàbọ̀ rẹ̀ ló ti fi hàn pé lọ́yà lòun. Wọ́n ti fòfin de ẹgbẹ́ Kọ́múníìsì láti 1947. Òun tí kò fara mọ́ ìlànà wọn rárá ló yọ̀ǹda kí wọ́n máa ṣe òṣèlú ní gbangba. Ó ṣètò ìdìbò ní oṣù Kọkànlá, ẹgbẹ́ rẹ̀ tuntun sì gba ìjókòó 220 nínú 300. Lóṣù tó tẹ̀ lé e, ó bi aráàlú bóyá wọ́n ṣì fẹ́ ọba. Kò polongo fún ìhà kankan. Bí ìdá 69 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní àwọn ò fẹ́.

Ilé ẹjọ́ ló dá àwọn ológun lẹ́jọ́ ní 1975, ó sì dájọ́ ikú fún Papadopoulos tó ṣáájú wọn gbàjọba àti méjì mìíràn. Ìjọba Karamanlis yí i sí ẹ̀wọ̀n gbére. Ó bí ọ̀pọ̀ èèyàn nínú, pàápàá àwọn tí wọ́n ti dá lóró látìmọ́lé, ìbínú wọn sì yé mi. Síbẹ̀, mo gbà pé ó tọ̀nà: ẹ̀jẹ̀ tuntun ì bá sọ àwọn ọ̀dájú yẹn di akọni lójú àwọn ọmọ ogun tó ṣì ń bá wọn kẹ́dùn. Papadopoulos ò bọ́ nínú ẹ̀wọ̀n náà títí tó fi kú ní 1999.

Ìjọba Karamanlis àkọ́kọ́ ló bá Àjọ Ọrọ̀ Ajé Yúróòpù tọwọ́ bọ̀wé àjọṣe ní 1961, èyí tí àjọ náà dá dúró nígbà táwọn ológun dé. Ní 1975, ó bẹ̀bẹ̀ fún ipò ọmọ ẹgbẹ́ gangan. Áténì ni wọ́n ti fọwọ́ sí i ní 1979, Gíríìsì sì di orílẹ̀-èdè kẹwàá nínú àjọ náà lọ́jọ́ kìíní, ọdún 1981.