Bí A Ṣe Ń Dá Tábìlì Ayípo Dúró Gbọn-in Lórí Ẹ̀rọ

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí ẹ ń fi irin gígé ṣiṣẹ́ ṣe, àti ẹ̀yin tí ẹ ń gbé jíà ẹ̀rọ ìlọta wá fún wọn, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Bí jíà bá bàjẹ́ nígbà tí ó ku eyín kan ṣoṣo, irin ti di àjákù, owó iná ti lọ, oníbàárà sì ń dúró lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà púpọ̀, kì í ṣe ọ̀bẹ ni ó jẹ̀bi, tábìlì tí iṣẹ́ wà lórí rẹ̀ ni.

Tábìlì ayípo ni àwo irin roboto tí a ń dè mọ́ orí ẹ̀rọ milling, kí a lè máa yí iṣẹ́ ní ìwọ̀n dígíríì. Jíà ńlá kan wà lábẹ́ rẹ̀, tí irin gbọọrọ tó ní ìlà yíyí bí ti bóòtù ń tì nígbà tí a bá yí ọwọ́ rẹ̀. Bí jíà náà bá ní eyín 90, yíyí ọwọ́ lẹ́ẹ̀kan jẹ́ dígíríì 4. Òmíràn ní 72, òmíràn 40. Kí olúkúlùkù yẹ tirẹ̀ wò.

Àyè díẹ̀ kò ní ṣàì wà láàárín eyín jíà àti irin gbọọrọ náà. Ẹ di ọwọ́ rẹ̀ mú kí ó má yí, kí ẹ fi ọwọ́ kejì mi tábìlì, ẹ óò rí i. Ọ̀bẹ tí ń jẹ irin lágbára ju ọwọ́ yín lọ. Yóò máa ti tábìlì síwá sẹ́yìn nínú àyè yẹn, ojú irin yóò rí jágajàga, ọ̀bẹ pàápàá lè ṣẹ́. Bí tábìlì bá yẹ̀ ní ìdá kan péré nínú ọgọ́ta dígíríì kan, ibi tó jìnnà sí àárín ní mìlímítà 100 ti yẹ̀ ní nǹkan bíi mìlímítà 0.03.

Ìdí nìyí tí wọ́n fi ṣe ìdè sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Àwọn kan kì í fọwọ́ kàn án, wọ́n ní jíà abẹ́ rẹ̀ tó o dúró. Kò tó o. Eyín díẹ̀ kan náà ni yóò máa jẹ, àyè yóò sì máa fẹ̀ sí i.

Ẹ kọ́kọ́ nu ìsàlẹ̀ tábìlì. Èérún irin kan lè mú un dá sí ẹ̀gbẹ́. Bí ẹ bá ń yí i, apá kan náà ni kí ẹ máa ti wá. Bí ó bá kọjá ìwọ̀n, ẹ dá a padà jìnnà, kí ẹ tún ti apá ti tẹ́lẹ̀ bọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ dè gbogbo ìdè rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ní ìdọ́gba, nítorí pé dídè náà fúnra rẹ̀ a máa ti tábìlì. Ẹni tó ní aago ìwọ̀n, kí ó gbé e ti irin tó jìnnà sí àárín, kí ó máa wo abẹ́rẹ́ rẹ̀ bí ó ti ń dè é.

Bí ó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ gé irin ní ìlà róbótó, tí tábìlì ní láti máa yí lábẹ́ ọ̀bẹ, ẹ dè é díẹ̀, kí ó kàn wúwo lọ́wọ́, kí ẹ sì máa ti iṣẹ́ pàdé ọ̀bẹ. Bí ẹ bá tì í tẹ̀lé ọ̀bẹ, ọ̀bẹ yóò fà á wọlé lójijì.

Ẹ má gbàgbé láti tú ìdè kí ẹ tó tún yí i. Èmi náà ti fi agbára yí i lórí ìdè rí, àtúnṣe rẹ̀ ná mi lówó. Nísinsìnyí, bí mo bá ti dè é tán, mo máa ń fi ẹfun kọ “DÈ” sára rẹ̀, n kì í sì í nù ún àfi bí mo bá tú u.