Wáyà, Asẹ́ àti Ohùn: Kí Ni Àwọn Ọ̀dọ́ Olórin Ń Ṣe Nídìí Kọ̀ǹpútà?

Ó dájú pé ọ̀pọ̀ nínú yín ni ó ní ọmọ tàbí àbúrò tí ó fẹ́ràn orin, tí ó máa ń jókòó ti kọ̀ǹpútà títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, tí ohùn tí ń ti ibẹ̀ jáde sì máa ń dún bí ẹni ń fi irin ha àwo. Bí ẹ bá yọjú wò ó, ẹ ó rí àwòrán ẹ̀rọ kan tí ó kún fún bọ́tìnnì àti ihò wẹ́wẹ́, tí wáyà oríṣiríṣi sì lọ́ mọ́ra wọn níwájú rẹ̀ bí ìtàkùn. Ìbéèrè tí àwọn òbí ń bi ara wọn ni pé: ṣé iṣẹ́ ni èyí, tàbí eré lásán? Ìbéèrè náà tọ́, nítorí owó ni a fi ra kọ̀ǹpútà, owó náà ni a sì fi ń ra epo jẹnẹrétọ̀. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ tí a kò gbọ́ ìdí rẹ̀, a kì í dá a. Ẹ jẹ́ kí á wo inú ẹ̀rọ náà ná.

Synthesizer ni àwọn Òyìnbó ń pè é. Kì í ṣe ẹ̀rọ tí ń gba ohùn ẹlòmíràn sílẹ̀ kí ó máa tún un sọ. Fúnra rẹ̀ ni ó ń dá ohùn sílẹ̀. Ní ọdún 1964 ni Robert Moog, ará Amẹ́ríkà, pẹ̀lú olórin kan tí ń jẹ́ Herbert Deutsch, ṣe èyí tí ó jẹ́ àkójọ ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan, tí a ń fi wáyà so ọ̀kan mọ́ èkejì. Ní 1968, Wendy Carlos fi ẹ̀rọ Moog ṣe àwo orin Switched-On Bach, òkìkí ẹ̀rọ náà sì kàn. Ṣùgbọ́n ó tóbi, ó wọ́n, bí ènìyàn kò bá sì tíì fa wáyà sí i, kò ní fọhùn. Nígbà tí ó di 1970, Moog gbé Minimoog jáde, tí wọ́n ti so ohun gbogbo pọ̀ nínú rẹ̀. Èyí rọrùn púpọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ẹni tí ó ṣe é là sílẹ̀ ni olórin ní láti gbà.

Láàrin méjèèjì ni irú èyí tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí wà. ARP 2600 ti Amẹ́ríkà, tí ó jáde ní 1971, jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Korg MS-20 ti Jàpáánù, tí ó jáde ní 1978, jẹ́ òmíràn. Ẹ̀rọ àkọ́kọ́ dàbí ilẹ̀ òfìfo tí ènìyàn yóò fúnra rẹ̀ kọ́lé sí. Èkejì dàbí ilé àyágbé tí onílé kò gbà kí á kan ìṣó mọ́ ògiri. Ẹ̀kẹta yìí dàbí ilé ara ẹni tí wọ́n ti fa wáyà iná sí: bí o bá tẹ bọ́tìnnì, iná yóò tàn, bí o bá sì fẹ́ iná lẹ́yìnkùlé, kò sí ẹni tí yóò dí ọ lọ́wọ́ láti fa wáyà dé ibẹ̀.

Ní 2004, ilé iṣẹ́ Korg fi MS-20 sínú kọ̀ǹpútà. Láti ìgbà náà, ẹni tí kò lè ra ojúlówó ẹ̀rọ lè kọ́ ọ nípa àwòrán rẹ̀, kí ó sì fi dá ohùn kan náà.

Báwo ni ó ṣe ń ṣiṣẹ́? Ohun mẹ́rin ni kí á mọ̀. Èkíní ni orísun ohùn. Ẹ̀yin olùkọ́ mọ̀ pé gbígbọ̀n ni ohùn: bí nǹkan bá gbọ̀n ní ìgbà 440 láàrin ìṣẹ́jú-àáyá kan, a ó gbọ́ ohùn tí àwọn olórin fi ń tún ohun èlò wọn ṣe, bí ó bá di 880, ohùn kan náà ni, ṣùgbọ́n ó ti gòkè sí i. Èkejì ni asẹ́. Bí ìyá ológì ti ń fi asẹ́ yọ èèrí kúrò lára ògì, bẹ́ẹ̀ ni asẹ́ ẹ̀rọ yìí ń yọ apá kan kúrò lára ohùn. MS-20 ní asẹ́ méjì: ọ̀kan ń yọ ohùn ìsàlẹ̀, èkejì ń yọ ohùn òkè. Ẹ̀kẹta ni ìlànà bí ohùn yóò ti bẹ̀rẹ̀ àti bí yóò ti parí: ohùn ìlù a máa dé lójijì, a sì máa lọ kíá, ti fèrè a máa rọra wọlé. Ẹ̀kẹrin ni ọwọ́ àìrí tí ń mi ohùn sókè sódò láìsinmi.

Ẹ jẹ́ kí á wo àpẹẹrẹ kan. Bí onígángan bá lu ìlù, tí ó sì dẹ ọṣán rẹ̀, ohùn yóò já wálẹ̀. Láti ṣe irú èyí lórí MS-20, kò sí wáyà tí a ó fà, nítorí wọ́n ti so ìlànà àkọ́kọ́ mọ́ gíga ohùn tẹ́lẹ̀. Bọ́tìnnì kan ni a ó yí. Ṣùgbọ́n bí a bá fẹ́ kí asẹ́ máa fò kiri lọ́nà tí ẹnikẹ́ni kò lè mọ̀ tẹ́lẹ̀, wáyà mẹ́ta ni a ó fà. Èkíní yóò mú ariwo tí ó dàbí ìró òjò lórí páànù lọ sí ihò ẹ̀yà tí ń bu ìwọ̀n díẹ̀ nínú rẹ̀. Èkejì yóò máa sọ ìgbà tí yóò bù ú. Ẹ̀kẹta yóò gbé ohun tí ó bù lọ sí asẹ́. Bí wáyà kẹta yìí bá ti wọlé, ó ti lé ìsopọ̀ àtijọ́ tí ó wà níbẹ̀ kúrò nìyẹn. Nínú èyí ni gbogbo ọgbọ́n ẹ̀rọ yìí wà.

Má ṣe rò pé ohun àjèjì pátápátá ni èyí sí wa. William Onyeabor ti Enugu fi synthesizer ṣe àwọn àwo tí ó gbé jáde láàrin 1977 àti 1985. Ní 1982, nígbà tí Sunny Adé gbé Juju Music jáde, ohùn synthesizer wà láàrin gángan àti gìtá, kò sì ba jùjú jẹ́.

Ìwọ ọ̀dọ́ tí o fẹ́ kọ́ ọ, gba ìmọ̀ràn wọ̀nyí. Mú ẹ̀rọ kan ṣoṣo, má ṣe máa sáré láti orí ọ̀kan sí òmíràn. Bí owó kò bá sí, VCV Rack, tí ó jáde ní 2017, ní èyí tí a ń gbà lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n mọ̀ pé wáyà ni a fi ń so ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan mọ́ èkejì nínú tirẹ̀. Má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti ara ohùn aláràbarà tí ẹlòmíràn ti sè sílẹ̀. Bẹ̀rẹ̀ láti ara ohùn lásán. Fa wáyà kan, gbọ́ ohun tí ó ṣe, kọ ọ́ sínú ìwé, kí o tó fa èkejì. Pàtàkì jùlọ, dín ariwo kù kí o tó fọwọ́ kan bọ́tìnnì asẹ́, nítorí asẹ́ MS-20 lè ké lójijì bí fèrè ọkọ̀ ojú irin. Etí tí ó bá bàjẹ́, kò sí ọjà tí a ti ń ra òmíràn.

Ẹ̀yin òbí, ọ̀nà tí ẹ ó fi mọ iṣẹ́ yàtọ̀ sí eré kò le. Ẹ pe ọmọ náà, kí ẹ ní kí ó dá ohùn kan lójú yín, kí ó sì sọ iṣẹ́ tí wáyà kọ̀ọ̀kan ń ṣe. Bí ó bá ń tẹ ohùn tí ẹlòmíràn ti sè sílẹ̀ nìkan, orin rẹ̀ yóò jọ ti ẹgbẹ̀rún ènìyàn mìíràn tí ń tẹ ohùn kan náà, ta ni yóò sì wá mọ̀ ọ́n láàrin wọn kí ó tó gbé iṣẹ́ fún un? Ṣùgbọ́n bí ó bá lè ṣàlàyé rẹ̀ títí ẹ̀yin tí ẹ kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀ fi lóye, ẹ má ṣe pa ẹ̀rọ náà mọ́ ọn lọ́wọ́. Iṣẹ́ ni ó ń kọ́.