Ríra láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ ní gbàǹjo orí íntánẹ́ẹ̀tì: Ohun tó yẹ ní yíyẹ̀wò kí owó tó jáde lápò

Ọ̀pọ̀ òbí ló ti gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ yunifásítì pé láìsí láptọ́ọ̀pù, iṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ ò ní ṣeé ṣe. Tuntun sì wọ́n bí ojú. Ẹni tó bá ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ní London tàbí Houston, ibẹ̀ lọkàn máa ń lọ: "Ẹ bá mi wá tòkunbọ̀ kan tó dáa lórí eBay."

Èrò yẹn kò burú. Láptọ́ọ̀pù tí ilé-iṣẹ́ kan lò fún ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin, tí wọ́n sì fi tuntun rọ́pò rẹ̀, ṣì lè ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún sí i. Àmọ́ nínú ọjà kan náà ni èyí tí wọ́n jí wà, àti èyí tí bátìrì rẹ̀ ti kú, àti èyí tí ẹnikẹ́ni ò lè ṣí. Òmíràn ò tiẹ̀ sí rárá, fọ́tò lásán ni wọ́n ń tà. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ẹni tó fẹ́ ra ohun tí kò lè fọwọ́ kàn gbọ́dọ̀ mọ ohun tó máa wò.

Bí gbàǹjo náà ṣe ń lọ

Gbàǹjo orí íntánẹ́ẹ̀tì ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí gbàǹjo àdúgbò. Ẹni tó bá fowó tó pọ̀ jù lé ọjà ló ń gbé e lọ. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ọjọ́ àti wákàtí tí ó máa parí ti wà nílẹ̀, ẹ̀rọ ló sì ń bá oníbàárà fowó kún owó.

Lórí eBay, tó bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1995, oníbàárà máa kọ iye tó pọ̀ jù tó lè san sílẹ̀. Àwọn yòókù ò ní rí iye yẹn. Ká ní ẹnì kan kọ 120 pọ́n-ùn, tí ẹlòmíì kọ 90, ẹni àkọ́kọ́ ló máa gba ọjà náà, ṣùgbọ́n kò ní san 120. Díẹ̀ lókè 90 ni ẹ̀rọ máa gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sídìí láti máa sáré fowó kún un lẹ́ẹ̀mẹ́wàá.

Ibi tí wàhálà wà ni ìṣẹ́jú tó kẹ́yìn, tí gbàǹjo máa ń gbóná. Ẹni tó ti pinnu 120 lè bá ara rẹ̀ níbi 180, torí kò fẹ́ kí wọ́n gba ọjà mọ́ òun lọ́wọ́. Àwọn tó mọ̀ ọ́n rà máa ń ṣírò gbogbo ìnáwó ṣáájú: owó ìfiránṣẹ́, owó kágò, owó aṣọ́bodè, owó ṣájà tí kò bá sí nínú rẹ̀, àti owó bátìrì tuntun. Ohun tó bá ṣẹ́kù nínú owó ọwọ́ wọn ni wọ́n ń dá lé ọjà. Tó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, wọ́n á jẹ́ kó lọ. Láptọ́ọ̀pù míì ń bọ̀ lọ́la.

Ohun tí olùtà kọ, àti ohun tó fò dá

Tí olùtà bá kọ "For parts or not working", ọjà náà ti bàjẹ́ nìyẹn, àwọn atúnṣe tó fẹ́ yọ èròjà inú rẹ̀ ló wà fún. "No HDD" túmọ̀ sí pé kò sí ibi ìkópamọ́ nínú rẹ̀. "BIOS locked" túmọ̀ sí pé wọ́n ti fi pásíwọ́ọ̀dù tì í láti ìsàlẹ̀, ẹni tó rà á lè má lè lò ó láé.

"Untested" ló máa ń tan àwọn èèyàn jù. Olùtà ń sọ pé òun ò dán an wò. Bẹ́ẹ̀, títan láptọ́ọ̀pù ò gba ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹni tó bá fẹ́ dá owó lé irú ọjà bẹ́ẹ̀, kó kà á sí èyí tó ti bàjẹ́, kó sì dá iye ọjà tó bàjẹ́ lé e.

Àwọn kan tún máa ń kọ ọ́ sísàlẹ̀ pátápátá, ní lẹ́tà kéékèèké, pé páálí nìkan làwọn ń tà. Àfi kí èèyàn kà á dópin.

Fọ́tò náà ń sọ̀rọ̀. Èyí tó mọ́ fínnífínní, tó jọ ti ìpolówó ọjà, lè má jẹ́ ti láptọ́ọ̀pù náà gan-an. Kò sí ohun tó burú nínú kí oníbàárà ní kí olùtà ya òmíràn, kí ẹ̀rọ náà wà ní títàn, kí bébà tí wọ́n kọ déètì ọjọ́ yẹn sí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Olóòótọ́ ò ní bínú sí i.

Ìtàn olùtà náà ṣe pàtàkì. Ẹni tó ti ta ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọjà, tí àwọn tó rà á sì ń yìn ín, yàtọ̀ sí ẹni tó ṣí àkáǹtì lọ́sẹ̀ tó kọjá. Kí èèyàn tún wo ohun tó ń tà tẹ́lẹ̀. Ẹni tó ti ń ta ìbòrí fóònù, tó wá ṣàdédé kó láptọ́ọ̀pù ogún jáde ní owó pọ́ọ́kú, ó yẹ kára fu èèyàn sí i.

"Core i5" nìkan ò tó

Olùtà á kọ "Core i5" gàdàgbà, kò ní sọ ìran tó jẹ́. Láti 2009 ni Intel ti ń ṣe Core i5. Nọ́ńbà tó tẹ̀lé e ló ń sọ ọjọ́ orí rẹ̀: i5-6300U jẹ́ ìran kẹfà, i5-8250U jẹ́ ìran kẹjọ.

Ìdí tí èyí fi ṣe kókó ni pé ní October 14, 2025, Microsoft dáwọ́ ìtìlẹ́yìn tó ń ṣe fún Windows 10 dúró. Fún Windows 11, yàtọ̀ sí ìwọ̀nba díẹ̀, ìran kẹjọ lọ sókè ni wọ́n fọwọ́ sí lára ẹ̀rọ Intel, pẹ̀lú RAM 4GB ó kéré tán àti ààyè 64GB. Èyí wà lára ohun tó ń sọ ìran kẹfà àti keje di ọ̀pọ̀ lórí gbàǹjo. Owó wọn lè wuni, ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ tó máa lò ó fún ọdún mẹ́rin ò ní gbádùn rẹ̀. RAM 8GB àti SSD ló máa ń jẹ́ kí tòkunbọ̀ yá nílẹ̀.

Kó tó wọ kágò

Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń pàdánù owó wọn láìmọ̀. eBay ní ètò tó ń dá owó padà fún oníbàárà tí ọjà rẹ̀ kò bá dé, tàbí tí ohun tó dé kò bá bá ohun tí olùtà kọ mu. Oníbàárà gbọ́dọ̀ fẹjọ́ sùn láàárín ọgbọ̀n ọjọ́. Ṣùgbọ́n ètò yìí kì í bo ọjà tí wọ́n ti gbà, tí wọ́n sì tún fi ránṣẹ́ sí àdírẹ́sì míì. Láptọ́ọ̀pù tó bá dé London lọ́jọ́ Ajé, tí wọ́n gbé sínú kágò lọ sí Ìbàdàn lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun láìtú páálí rẹ̀, ti jáde lábẹ́ ààbò nìyẹn.

Nítorí náà, ẹni tó wà lókè òkun ló gbọ́dọ̀ dán an wò. Kó fi fóònù gba fídíò bó ṣe ń tú páálí náà. Kó tẹ gbogbo bọ́tìnnì kíbọ́ọ̀dù, kó wo kámẹ́rà, kó gbọ́ ohùn rẹ̀, kó so ó mọ́ Wi-Fi, kó sì ki nǹkan bọ gbogbo ihò USB.

Bátìrì ló ṣe pàtàkì jù fún ilé tí iná ò ti dúró. Lórí Windows, èèyàn lè ṣí Command Prompt, kó tẹ powercfg /batteryreport. Ìwé tó máa jáde á fi agbára tí bátìrì ní nígbà tó wà ní tuntun hàn, pẹ̀lú èyí tó lè gbà báyìí. Tó bá jẹ́ 50,000 nígbà náà, tó di 25,000, ìdajì ti lọ. Tí bátìrì bá wú, tí ìsàlẹ̀ láptọ́ọ̀pù ò pa dé mọ́, kò gbọ́dọ̀ wọ bàálù rárá. Bátìrì àfikún sì rèé, inú báàgì ọwọ́ ló ń wà, wọn kì í fi sínú ẹrù abẹ́ bàálù.

Ti ṣájà kò le. Ẹnu ṣájà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bá sọ́kẹ́ẹ̀tì Nàìjíríà mu. Ti Amẹ́ríkà ò bá a mu, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá kọ 100-240V sára rẹ̀, wáyà ẹnu rẹ̀ nìkan ni pípààrọ̀.

Àgádágodo tí ojú ò rí

Láptọ́ọ̀pù lè tàn dáadáa lónìí, kó sì di pákó lọ́la. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan máa ń forúkọ ẹ̀rọ wọn sílẹ̀, débi pé tí wọ́n bá nù ún, tó sì tún rí íntánẹ́ẹ̀tì, orúkọ ilé-iṣẹ́ náà ló máa yọ, á sì béèrè pásíwọ́ọ̀dù òṣìṣẹ́ wọn. Láti mọ̀, kí ẹni tó wà lókè òkun nù ún pátá, kó so ó mọ́ Wi-Fi, kó sì tún un tò bíi tuntun. Ti MacBook Pro tí Apple ṣe láti 2018, ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ ti yọ àkáǹtì iCloud rẹ̀ kúrò. Tí kò bá yọ ọ́, ẹni tó rà á ò ní lè lò ó lẹ́yìn tí wọ́n bá nù ún.

Ti ẹni tó ń rà nílé ńkọ́?

Lórí àwọn ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì ní Nàìjíríà, ẹni tó bá ní "san owó kí n wébíìlì ẹ̀" láìjẹ́ kí èèyàn rí ọjà, gbájúẹ̀ lè ni. Kí wọ́n pàdé lójú ọ̀sán, níbi tí èrò wà, tí iná sì wà. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti dán an wò tán ni owó ń jáde. Kí rìsíìtì ní orúkọ olùtà, nọ́ńbà fóònù rẹ̀ àti nọ́ńbà tó wà lábẹ́ láptọ́ọ̀pù náà, torí tí ọlọ́pàá bá bá ọjà ẹlẹ́jọ́ lọ́wọ́ ẹnì kan, ìwé yẹn ni ẹnu tó máa fi sọ̀rọ̀.

Bí ti eBay tàbí ti ilé, ẹni tó bá ní kí wọ́n sanwó fún òun lẹ́yìn ojúlé ọjà náà, yálà sí àkáǹtì ara rẹ̀ tàbí pẹ̀lú gift card, kí wọ́n sá fún un. Bówó bá sì ti jáde, báńkì ni kí èèyàn kọ́kọ́ pè, lójú ẹsẹ̀, kó tó kan ọlọ́pàá. Kó má pa ìwé-ọ̀rọ̀ WhatsApp tí òun àti olùtà jọ sọ rẹ́. Ẹ̀rí rẹ̀ nìyẹn.