Abẹ́rẹ́ Apá Òsì: Ẹ Má Ṣe Dúró Di Ogójì Ọjọ́

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́mọ, àti ẹ̀yin ìyá àgbà tí ẹ ń bá wọn wẹ ọmọ, ẹ̀yin ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ lọ́sẹ̀ yìí. Ní dìsípẹ́ńsárì tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Ọbaníkòró, wọ́n sábà máa ń gbé ọmọ oṣù méjì tàbí mẹ́ta wá tí kò tíì gba B.C.G., abẹ́rẹ́ àjẹsára ikọ́ ife tí a ń gún sí apá òsì. Bí mo bá béèrè ìdí rẹ̀, ìyá ọmọ a ní, “Nọ́ọ̀sì, ó kéré jù ni,” tàbí, “Ìyá ọkọ mi ní kí n má gbé e jáde kí ó tó pé ogójì ọjọ́.”

Ọmọ kò kéré jù fún un rárá. Inú mùdùnmúdùn eegun wa ni ara ti ń ṣe àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun tó ń bá ẹ̀jẹ̀ rìn. Àwọn kan nínú wọn ni olùṣọ́ ara: bí kòkòrò àrùn bá wọlé, wọn a sáré dé ibẹ̀, wọn a yí i ká, wọn a sì gbé e mì. Fún ìgbà pípẹ́ ni àwọn onímọ̀ rò pé àwọn olùṣọ́ yìí kì í kọ́gbọ́n, pé bí wọ́n bá jà lónìí, wọn a gbàgbé lọ́la. Ṣùgbọ́n ní 2012, ìwádìí kan láti Nijmegen, nílẹ̀ Netherlands, fi hàn pé lẹ́yìn B.C.G., ojú wọn a máa là sí i fún oṣù mẹ́ta ó kéré tán, àní sí àwọn kòkòrò tí kì í ṣe ti ikọ́ ife. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ.

Ní Guinea-Bissau, ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà tiwa níhìn-ín, wọ́n fún àwọn ọmọ tí kò tó kílò méjì ààbọ̀ ní B.C.G. ní kété tí a bí wọn. Àwọn mìíràn gbà á nígbà tó yá, bí ìṣe ibẹ̀. Nígbà tí wọ́n ro ìwádìí mẹ́ta pọ̀ ní 2017, ikú láàárín ọjọ́ 28 àkọ́kọ́ fi bí 38 nínú 100 dín lára àwọn tó tètè gbà á. N kò ní tàn yín: ní Íńdíà, pẹ̀lú irú B.C.G. mìíràn, wọn kò rí irú èrè bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí kò ní iyàn nínú: B.C.G. ń dáàbò bo ọmọdé lọ́wọ́ ikọ́ ife tó ń wọ ọpọlọ, èyí tó tètè ń pa ọmọ. Láti 1976 pàápàá ni a ti mọ̀ pé bí a bá dà á sínú àpò ìtọ̀, ó ń ru àwọn olùṣọ́ ara sókè láti gbógun ti jẹjẹrẹ ibẹ̀ tí kò tíì wọnú jinlẹ̀. Àwọn dókítà ṣì ń lò ó bẹ́ẹ̀ títí di òní.

Ní Ṣómólú àti Bàrígà, níbi tí yàrá ti kọjú sí yàrá, ẹnìkan tó ń wúkọ́ ife lè kó o ran àwọn ará ilé. Nítorí náà, ẹ ṣe báyìí:

Ẹ gbé ọmọ wá ní kété tí ẹ bá bí i. Ọ̀fẹ́ ni ní ilé ìwòsàn ìjọba.

Ìgò kan a máa tó ọmọ 20, wákàtí 6 péré ni a sì lè lò ó lẹ́yìn tí a bá ti pò ó. Ìdí nìyí tí àwọn ibòmíràn fi ń kó ọmọ jọ sí ọjọ́ kan. Ẹ béèrè ọjọ́ náà kí ẹ tó bímọ.

Bí ìyá bá ní kòkòrò HIV, kí ó sọ fún nọ́ọ̀sì kí a tó gún ọmọ.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́fà, ojú abẹ́rẹ́ a wú, ó lè di egbò kékeré, a sì jiná fúnra rẹ̀. Ẹ má ṣe tẹ̀ ẹ́, ẹ má fi omi gbígbóná jó o, ẹ má fi àdí tàbí òògùn kankan pa á. Bí abíyá ọmọ bá wú, ẹ gbé e padà wá.

Kí ọjọ́ ìsọmọlórúkọ tó kò, ẹ jẹ́ kí ọmọ ti gba abẹ́rẹ́ tirẹ̀.