Bí aṣọ òrùlé ọkọ̀ bá ń já wálẹ̀, gọ́ọ̀mù nìkan kò lè tún un ṣe

Díẹ̀díẹ̀ ló máa ń bẹ̀rẹ̀. Aṣọ tó wà lókè orí nínú ọkọ̀ á kọ́kọ́ tú lẹ́bàá gíláàsì ẹ̀yìn. Tó bá yá, á rọ̀ sílẹ̀, á sì máa kan orí àwọn tó jókòó lẹ́yìn. Tí awakọ̀ bá wo dígí àárín láti mọ ohun tó ń bọ̀ lẹ́yìn, aṣọ ni yóò máa rí.

Àwọn tó ń lo ọkọ̀ tòkunbọ̀, láti Èkó dé Kútọnu, mọ ìṣòro yìí dáadáa. Àwọn kan á fi píìnì gún aṣọ náà mọ́ òkè, àwọn mìíràn á fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ padà. Kì í pẹ́ tó fi tún ń já.

Kí ló ń fà á?

Lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ṣe aṣọ ló bàjẹ́. Fóòmù fẹ́lẹ́, tó sábà máa ń tó mm 3, ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Fóòmù yìí ni wọ́n lẹ̀ mọ́ pátákó tí wọ́n ṣe bí òrùlé ọkọ̀ ṣe rí.

Ooru àti ọ̀rinrin máa ń jẹ fóòmù náà títí tí yóò fi di lẹ́búlẹ́bú. Ìdí nìyí tí gọ́ọ̀mù tuntun kì í fi í rí nǹkan dì mú. Eruku ló ń lẹ̀ mọ́.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é

Oníṣẹ́ tó mọ iṣẹ́ á kọ́kọ́ tú bátìrì ọkọ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò yọ iná òkè, ibi ìdìmú àti àwọn ike ẹ̀gbẹ́, kó tó rọra gbé pátákó náà jáde.

Yóò fi búrọ́ọ̀ṣì ha gbogbo fóòmù àtijọ́ kúrò, pẹ̀lú ìbòmú nítorí eruku rẹ̀. Gọ́ọ̀mù tó lè fara da ooru ni yóò fín sára pátákó àti ẹ̀yìn aṣọ tuntun tó ní fóòmù. Yóò dúró díẹ̀ kí gọ́ọ̀mù náà fà, kó tó tẹ́ aṣọ náà láti àárín lọ sí etí. Kò gbọdọ̀ fà á le, torí ibi tó bá tẹ̀ kòtò ni yóò kọ́kọ́ tú.

Ibi tí ewu wà

Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ẹ́ábáàgì wà ní etí òrùlé, lókè ilẹ̀kùn. Wọ́n sábà máa ń kọ "AIRBAG" sára ike tó wà níbẹ̀. Bí ìjàm̀bá bá ṣẹlẹ̀, ó gbọ́dọ̀ ráyè jáde lójú ẹsẹ̀ kó lè dáàbò bo orí èrò. Píìnì, ìṣó tàbí gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi di etí yìí pa lè dí i lọ́nà.

Ọ̀rọ̀ iná náà tún wà níbẹ̀. Òfin Amẹ́ríkà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1972 sọ pé iná kò gbọdọ̀ jó ohun èlò inú ọkọ̀ ju mm 102 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Aṣọ àga ilé tí wọ́n gé lọ́jà lè má dé ìwọ̀n yìí.

Nítorí náà, kí ẹni tó ni ọkọ̀ tó ná owó iṣẹ́, ìbéèrè kan ló yẹ kó kọ́kọ́ bi oníṣẹ́: "Ṣé ẹ máa yọ pátákó náà jáde?" Bí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, kó wá ẹlòmíì.